Ilẹ̀kùn Ìkọ̀kọ̀ Nínú Ilé: Àwọn Ìbéèrè Tí Kì Í Tán Lẹ́nu Èèyàn

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí. Nínú gbogbo iṣẹ́ tó ń gba ọwọ́ mi kọjá, kò sí èyí tí wọ́n ń bi mí léèrè tó ilẹ̀kùn tí ojú kì í rí. Mo ti fẹnu dáhùn títí ó fi sú mi, ni mo bá ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdáhùn kan gùn, òmíràn ò gùn. Ibi tí iṣẹ́ náà ti máa ń bà jẹ́ ni mo dúró sí jù.

Kí ló ń jẹ́ ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ gan-an?

Ilẹ̀kùn tí ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ kò ní mọ̀ pé ilẹ̀kùn ni. Ó lè jọ ògiri, ó lè jọ pẹpẹ ìwé, ó lè jọ dígí gígùn. Kò ní férémù tó yọ síta, kò ní ọwọ́ tí à ń dì mú, hínjì rẹ̀ kò sì hàn. (Ìwakùn ló ń jẹ́ nínú ìwé, hínjì là ń pè é nídìí iṣẹ́, òun ni màá máa lò.)

Ọ̀nà méjì ni àwọn tó ń wá a pín sí. Àwọn kan kò ní àṣírí kankan, wọ́n kàn fẹ́ kí ògiri pálọ̀ mọ́ rekete, kí ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ má baà máa wo àlejò lójú. Àwọn kejì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ láé. Iṣẹ́ ti àkọ́kọ́ rọrùn gan-an ju ti èkejì lọ. Ẹ sọ èyí tí ẹ fẹ́ kí káfíńtà tó fa téèpù yọ.

Ṣé ayé òde òní ló mú un dé?

Rárá o. Ní ààfin Versailles lórílẹ̀-èdè Faransé, ilẹ̀kùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Olorì Marie-Antoinette, wọ́n fi aṣọ kan náà tó wà lára ògiri bò ó. Ibẹ̀ ló gbà sá nígbà tí èrò ya wọ ààfin ní òwúrọ̀ ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá, ọdún 1789. Ní England, nígbà tí òfin ń dọdẹ àwọn àlùfáà Kátólíìkì, káfíńtà kan tó ń jẹ́ Nicholas Owen fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ibi ìsápamọ́ fún wọn sínú ilé ńláńlá. Wọ́n mú un, wọ́n sì dá a lóró títí ó fi kú ní Tower of London ní 1606. Bẹ́ẹ̀ náà ni pẹpẹ ìwé tí Johan Voskuijl kàn ní Amsterdam lọ́dún 1942, èyí tó bo ẹnu ọ̀nà ibi tí Anne Frank, ọmọbìnrin Júù tó ń sá fún àwọn Násì, àti àwọn méje mìíràn fara pamọ́ sí.

Àwọn ará Íjíbítì ìgbàanì ló tiẹ̀ ṣe òdìkejì rẹ̀: wọ́n gbẹ́ ilẹ̀kùn sára òkúta inú ibojì, ó jọ ilẹ̀kùn délẹ̀délẹ̀, kò sì ṣí. Ẹ̀mí òkú ni wọ́n ní yóò máa gbà á kọjá.

Irú wo ló wà, èwo lẹ sì máa ń sọ pé kéèyàn ṣe?

Mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù. Èkíní ni ilẹ̀kùn tó bá ojú ògiri dọ́gba, tí wọ́n kùn ní ọ̀dà kan náà pẹ̀lú ògiri tàbí tí wọ́n lẹ pépà ara ògiri mọ́. Ó rọrùn lójú, ó le lọ́wọ́, torí kò sí ohun tí àṣìṣe lè sá pamọ́ sí lẹ́yìn. Èkejì ni ògiri tí wọ́n fi pátákó bò látòkè délẹ̀, tí ilẹ̀kùn wà láàárín àwọn pátákó náà bí ọ̀kan lára wọn. Ẹ̀kẹta ni pẹpẹ ìwé. Òun ni gbogbo ayé fẹ́, òun náà ló ń fún káfíńtà ní ẹ̀fọ́rí. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí, dígí wà, ẹ̀yìn wọ́dúróòbù wà, èyí tó ń yọ́ wọ inú ògiri wà, èyí tó wà nílẹ̀ lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì náà wà.

Bí ẹ bá bi mí, ògiri onípátákó ni kí ẹ ṣe. Ìdí rẹ̀ wà nínú ìdáhùn tó kan ìlà, ní ìsàlẹ̀.

Apá ibo nínú ilé ló bá a mu?

Ibi tí èèyàn ń gbà kọjá tí kì í dúró. Ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò dára, nítorí ojú ẹni tó ń bọ̀ ti wà lára ògiri yẹn láti òkèèrè. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló sàn. Abẹ́ àtẹ̀gùn dára púpọ̀. Inú wọ́dúróòbù náà dára: èèyàn ti ṣí ilẹ̀kùn kan, kò retí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jáde síta kí ẹ ka fèrèsé. Bí mẹ́rin bá wà lóde, tí mẹ́ta péré wà nínú ilé, àṣírí ti tú kí ẹ tó kan ìṣó kankan. Àwọn tó ń wá àlùfáà kiri láyé Nicholas Owen mọ ọgbọ́n yìí dáadáa: wọ́n á wọn inú ilé, wọ́n á wọn ìta, wọ́n á wá béèrè ibi tí ìyókù wọlé sí.

Báwo ni mo ṣe lè pa ìlà etí ilẹ̀kùn rẹ́?

Kò ṣeé pa rẹ́. Ilẹ̀kùn tó bá máa ṣí gbọ́dọ̀ ní àlàfo ní etí rẹ̀, mìlímítà 2 sí 3, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò há. Ẹni tó bá ní òun lè ṣe é láìsí àlàfo, ẹ dúró dìgbà tí ọ̀rinrin bá dé.

Ohun tí à ń ṣe ni pé ká wá ẹgbẹ́ fún ìlà náà. Ojú èèyàn kì í wá ìlà, èyí tó dá yàtọ̀ ló ń wá. Ẹ fa ìlà kan ṣoṣo sára ògiri funfun, ọmọ ọdún márùn-ún á lọ fọwọ́ kàn án. Ẹ fa ogún tó jọra, tí àyè àárín wọn dọ́gba, kò sẹ́ni tó máa bá yín ka èyí tó jẹ́ àlàfo gidi láàárín wọn. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ògiri onípátákó nìyẹn. Mo máa ń la kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín pátákó àti pátákó jákèjádò ògiri, kòtò kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mìlímítà 6, mo sì ń fi ọ̀dà dúdú kun ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí n tó gbé pátákó sókè. Méjì nínú àwọn kòtò wọ̀nyí ló jìn dé òdìkejì. Gbogbo wọn dúdú, gbogbo wọn jọra.

Ìlà òkè ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé. Wọ́n á fi ìlà òòró pamọ́ tán, wọ́n á wá fi ilẹ̀kùn dúró ní ìwọ̀n mítà 2, níbi tí nǹkan kan kò ti tẹ̀ lé e lọ sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ẹ gbé ilẹ̀kùn náà kan àjà pátápátá, tàbí kí ẹ jẹ́ kí pátákó ìbú kan gba gbogbo ògiri kọjá ní ibi tí orí ilẹ̀kùn parí sí.

Bí ògiri pẹlẹbẹ lẹ bá sì takú lé, ẹ fi rólà kan náà kun ilẹ̀kùn àti ògiri, lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀dà tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kùn kò dà bí èyí tí wọ́n fi rólà kùn, àwọ̀ ì báà jẹ́ ọ̀kan. Ti pépà ara ògiri, ẹ ká etí rẹ̀ wọ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá gé e ṣánlẹ̀ létí, láìpẹ́ yóò máa fàya.

Ohun kan tí mo máa ń ṣe kí n tó gba owó iṣẹ́ mi: mo máa ń pa iná yàrá, màá gbé tọ́ọ̀ṣì mọ́ ara ògiri kí ìmọ́lẹ̀ máa rá lọ lójú rẹ̀. Gbogbo ibi tó yọ síta bí ìbú èékánná ló máa ju òjìji. Ohun tí tọ́ọ̀ṣì yẹn bá rí ni oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa rí.

Mo kan pẹpẹ ìwé mọ́ hínjì, kò ṣí. Kí ló ń dí i?

Jíjìn rẹ̀ ni. Ilẹ̀kùn lásán fẹ́lẹ́, àmọ́ àpótí ni pẹpẹ ìwé. Bó bá ń yí síta lórí hínjì tó wà ní igun iwájú, igun ẹ̀yìn tó wà lọ́hùn-ún jìnnà sí hínjì ju igun iwájú lọ, òun ló ń há mọ́ ògiri.

Ẹ jẹ́ ká kà á. Pẹpẹ kan fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, ó jìn ní 25. Ẹ na téèpù láti hínjì dé igun ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, 65 ni yóò sọ fún yín. Àyè tí ẹ fi sílẹ̀ fún un kò ju 60 àti díẹ̀ lọ. Sẹ̀ǹtímítà 5 yẹn ni kò rọ́nà gbà.

Ohun tó ń gbani ni pé kí pẹpẹ má jìn. Ẹ dín 25 yẹn kù sí 12 àbọ̀, ohun tó ṣẹ́ kù láti wá àyè fún kò ní ju sẹ̀ǹtímítà 1 àti díẹ̀ lọ. Ìwé kékeré gba ibẹ̀ dáadáa. Bí ẹ kò bá lè dín in, ẹ gé ẹ̀gbẹ́ tó jìnnà sí hínjì ní dídà, ìyẹn ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ẹ̀yìn pẹpẹ kéré ju iwájú lọ. Bí ìwé bá ti wà nínú rẹ̀, ojú kì í rí i. Ọ̀nà mìíràn ni pé kí ẹ fi àlàfo náà sílẹ̀, kí ẹ wá kan pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ iwájú pẹpẹ tó ń yí láti bò ó. Ẹ̀gbẹ́ tó jìnnà sí hínjì nìkan ni kí ẹ ti ṣe èyí o. Ní ẹ̀gbẹ́ hínjì, pátákó bẹ́ẹ̀ yóò fi orí gún ògiri.

Ẹ má kọ́kọ́ gé igi. Ẹ gé páálí tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 6, tó jìn ní 2 àbọ̀. Ẹ fi píìnì kan igun rẹ̀ kan mọ́ ìwé, ẹ ya ògiri sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀, kí ẹ wá fi ìka yí i jẹ́jẹ́. Ẹ ó rí ibi tó ti ń há. Mo ti lo irú páálí bẹ́ẹ̀ parí àríyànjiyàn tó ti gbà wá ní ọ̀sán kan odindi.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí wọn kì í rántí àfìgbà tí wọ́n bá fẹ́ wọlé: pẹpẹ tó ṣí síta dé ìdajì máa ń dúró sí ẹnu ọ̀nà. Bí àyè bá fẹ̀ ní 80, tí pẹpẹ sì jìn ní 25, 55 ló kù fún yín láti gbà kọjá. Ẹni tó bá gbé àpótí dání á fi ẹ̀gbẹ́ wọlé.

Hínjì wo ló lè ru ìwé?

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó fẹ́ rù. Ẹ to ìwé yín sórí òṣùwọ̀n tí ẹ fi ń wọn ara yín, ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 30 tí wọ́n tò ní ìdúró, kí ẹ wá ṣírò ìyókù. Ká ní mítà kan jẹ́ kílò 30. Pẹpẹ márùn-ún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní sẹ̀ǹtímítà 80 jẹ́ mítà 4, ìyẹn kílò 120. Ẹ fi igi tirẹ̀ kún un, bí kílò 40. Ó di 160.

Ìwọ̀n yẹn kì í wá sísàlẹ̀ nìkan, ó ń fa hínjì òkè yọ kúrò lára férémù pẹ̀lú. Àárín ìwúwo pẹpẹ náà wà ní 40 sẹ̀ǹtímítà sí hínjì; bí hínjì òkè àti tìsàlẹ̀ bá jìnnà síra ní sẹ̀ǹtímítà 160, kílò 40 ni yóò máa fa ti òkè síta, tọ̀sántòru. Bí ẹ bá sún wọn mọ́ra kí àárín wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 80 péré, ó di kílò 80. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ti òkè ga dáadáa, kí tìsàlẹ̀ sì wálẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì fi ẹ̀kẹta sún mọ́ ti òkè.

Hínjì kékeré oníkọ́ọ̀pù tí wọ́n ń lò fún kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná, èyí tí wọ́n ń gbẹ́ ihò mìlímítà 35 fún, kì í ṣe ẹgbẹ́ iṣẹ́ yìí. Ó dára fún pátákó fẹ́lẹ́ lásán. Fún ilẹ̀kùn onípátákó tó nípọn, hínjì tó ń wọ inú igi pátápátá ló dára, nítorí bí ilẹ̀kùn bá ti pa, kò sí irin tó hàn. Fún pẹpẹ ìwé, pívọ́ọ̀tì ni tèmi: irin kan nílẹ̀, irin kan lókè, pẹpẹ ń yí láàárín wọn. Ilẹ̀ ló ń ru ìwúwo, kì í ṣe sikúrù. Ṣùgbọ́n irin méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà òòró kan ṣoṣo. Ẹ so okùn mọ́ òkè, kí ẹ so ohun tó wúwo mọ́ ìdí rẹ̀, kí ẹ dúró kó má mì mọ́. Bí wọ́n bá yà díẹ̀, pẹpẹ náà yóò máa ṣí fúnra rẹ̀ lóru, ẹ ó sì ní iwin wà nílé.

Ṣé kí n fi táyà kékeré sábẹ́ rẹ̀?

Mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ilẹ̀ tó tẹ́jú pátápátá kò wọ́pọ̀; táyà á gun òkè, á sọ̀ kalẹ̀, á máa gbé pẹpẹ sókè kúrò lórí hínjì tàbí kó má kan ilẹ̀ rárá. Èyí tó wá burú jù ni ipa tó máa ń fà sílẹ̀.

Ilẹ̀kùn pẹpẹ àkọ́kọ́ tí mo kàn ló kọ́ mi bí ìlà nílẹ̀ ṣe ń tú àṣírí. Òfìfo ni mo gbé e sókè, ó ń yí bí omi, mo fi mìlímítà 3 sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, inú mi dùn. Ẹni tó ni ilé to ìwé sí i, pẹpẹ wálẹ̀ díẹ̀, kò sì sọ fún mi. Ó ń ṣí i, ó ń tì í, ìdí pẹpẹ ń ha ilẹ̀ onípátákó. Nígbà tí mo padà dé ibẹ̀, ìlà rìbìtì kan ti wà nílẹ̀ bí ìdajì òṣùpá, ó funfun, ó mọ́lẹ̀ kedere. Àlejò kan dúró sí pálọ̀, ó wo ilẹ̀, ó fi ojú tẹ̀ lé ìlà náà títí dé ìdí pẹpẹ, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kí ló wà lẹ́yìn eléyìí?" Ojú tì mí ju onílé lọ.

Láti ìgbà yẹn, ẹrù ìwé máa ń kún inú pẹpẹ kí n tó ṣe àtúnṣe ìkẹyìn, mo sì ń fi mìlímítà 8 sí 10 sílẹ̀ lábẹ́. Sìkátìn, pátákó tó ń gba ìdí ògiri kọjá, á bò ó.

Kí ni mo máa ṣe sí sìkátìn?

Ẹ gé e ní ibi tí ilẹ̀kùn parí sí, kí ẹ kan apá tó wà lára ilẹ̀kùn mọ́ ilẹ̀kùn, kó sì gbéra nílẹ̀ díẹ̀. Ẹ má gé e ní gígé gbọọrọ. Ẹ gé e ní dídà, kí ẹnu kan sùn lórí èkejì, àlàfo kò ní hàn fún ẹni tó bá wò ó láti iwájú. Ní ẹ̀gbẹ́ hínjì, sìkátìn tó yọ síwájú ju hínjì lọ á fẹnu gún ara wọn bí ilẹ̀kùn bá ń ṣí, nítorí náà ẹ lo èyí tó fẹ́lẹ́.

Báwo ló ṣe máa ṣí nígbà tí kò ní ọwọ́?

Èyí tó rọrùn jù ni ìkọ́ tí à ń tẹ̀: ẹ ti ilẹ̀kùn wọlé díẹ̀, ìkọ́ á tú, ilẹ̀kùn á yọ síta. Ohun tó máa ń mú kó kọ̀ ni pé kò sí àyè tó máa gbà wọlé. Ó nílò mìlímítà 2 tàbí 3 lẹ́yìn ojú ògiri. Bí ẹ bá fi igi dí ẹ̀yìn rẹ̀ pinpin, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ di ọ̀la. Òòfà, tí àwọn kan ń pè ní mágnẹ́ẹ̀tì, tún dára fún ilẹ̀kùn fúyẹ́, bí ibì kan bá wà lára pátákó tí ìka lè fà.

Ti ìwé tí wọ́n ń fà kí pẹpẹ ṣí, ó ṣeé ṣe, kò sì le: okùn wáyà láti ẹ̀yìn ìwé dé orí ìkọ́, bíi ti bíréèkì kẹ̀kẹ́. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ìwé yẹn má jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni máa fẹ́ kà. Ẹ mú èyí tó gbẹ jù nínú ilé.

Èyí tó ń lo iná mànàmáná ńkọ́?

Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ béèrè ìbéèrè kan lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á: bí iná bá lọ, ṣé ó máa ṣí ni àbí ó máa wà ní títì? Oríṣi méjèèjì wà. Òòfà oníná máa ń tú sílẹ̀ bí iná bá ti kúrò. Àwọn lọ́ọ̀kì kan wà tó jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n ń tì pa. Èyí tó wù kí ẹ yàn, ẹ ní ọ̀nà tí a lè fi ọwọ́ lásán ṣí i láti inú, kí ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ kan pamọ́ sóde.

Ṣé mo lè gé ògiri bulọ́ọ̀kù fún un?

Ẹ mọ̀ bóyá ògiri náà ru òrùlé tàbí ilẹ̀ òkè. Bó bá rù, líńtẹ̀lì tó máa ru ẹrù òkè gbọ́dọ̀ wà lórí àyè tí ẹ bá ṣí, ẹnjiníà ni kó sì sọ bó ṣe máa rí. Ẹ wá wáyà àti páìpù tó gba inú rẹ̀ pẹ̀lú.

Igi wo ló dára?

Igi gidi máa ń wú, ó sì máa ń súnkì, ní ìbú rẹ̀ ju gígùn rẹ̀ lọ. Ilẹ̀kùn tó fẹ̀ tó sì jẹ́ odindi igi gidi yóò gbé àlàfo mìlímítà 2 yín mì. Pláíwúùdù tó nípọn ni mo ń lò fún ara ilẹ̀kùn. MDF, pátákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi tẹ̀ pọ̀, ń gba ọ̀dà dáadáa, àmọ́ ó wúwo, etí rẹ̀ kì í sì í di sikúrù mú. Ẹ fi igi líle sí etí ibi tí hínjì máa wà. Ohun tí ẹ bá kùn tàbí tí ẹ lẹ̀ sí iwájú, ẹ ṣe irú rẹ̀ sí ẹ̀yìn, nítorí ilẹ̀kùn tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ń mí tí èkejì kò mí yóò tẹ̀. Kí igi náà sì sùn nínú yàrá yẹn fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí ẹ tó gé e.

Etí ilẹ̀kùn tó jìnnà sí hínjì, ẹ fá a ní dídà díẹ̀ sẹ́yìn, bíi dígíríì 3. Fún ilẹ̀kùn tó nípọn ní mìlímítà 40, ìyẹn fún yín ní mìlímítà 2 lẹ́yìn, iwájú rẹ̀ á sì tún fún mọ́ ògiri.

Kí ló máa ń tú àṣírí rẹ̀?

Mo ti sọ ti ilẹ̀ tó ha. Ọwọ́ ló tẹ̀ lé e. Ibì kan náà lẹ ó máa tẹ̀ lójoojúmọ́, lóṣù mẹ́fà ó ti di àbàwọ́n tó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́, ó ń dán láàárín ògiri tí kò dán. Ẹ lo ọ̀dà tó ṣeé nù, kí ẹ sì máa nù ún. Lẹ́yìn náà, ìmọ́lẹ̀: bí iná bá wà ní títàn nínú yàrá ìkọ̀kọ̀ lálẹ́, okùn ìmọ́lẹ̀ kan á yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Rọ́bà tàbí búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ ní etí ló ń dí i. Ó tún ń dí atẹ́gùn, torí atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti ara ògiri máa ń ya èèyàn lẹ́nu.

Ìró náà wà. Ẹ kan ògiri bulọ́ọ̀kù, ẹ kan pátákó, etí á mọ̀. Bí gbogbo ògiri bá jẹ́ pátákó, gbogbo rẹ̀ á dún bákan náà. Àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ̀ ọ́. Ògiri tiyín ti lanu, kó ṣáà máa díbọ́n pé òun ò lanu ni.

Ṣé ó lè dá olè dúró?

Ó lè má jẹ́ kó rí i. Bó bá rí i, pláíwúùdù ni. Fífi nǹkan pamọ́ yàtọ̀ sí dídáàbò bo nǹkan. Bí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bá ṣe iyebíye, ẹ fi ilẹ̀kùn tó le tó sì ní lọ́ọ̀kì gidi sẹ́yìn ti ìkọ̀kọ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.

Ewu wo ló wà níbẹ̀?

Iná ni àkọ́kọ́. Ọ̀nà tí èèyàn máa gbà sá jáde bí ilé bá ń jó kò gbọdọ̀ jẹ́ ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀. Panápaná kò lè wá ẹnu ọ̀nà tí wọn ò mọ̀ pé ó wà, ẹni tí èéfín bò kò sì ní rántí ìwé tó yẹ kó fà. Bí ẹnikẹ́ni bá máa sùn nínú yàrá yẹn, kó ní ọ̀nà àbájáde mìíràn, bíi fèrèsé tó ṣeé gbà jáde, àti ẹ̀rọ tó ń pariwo bó bá gbóòórùn èéfín. Ògiri tí wọ́n mọ láti dá iná dúró, ẹ má dá ihò sí i láìbéèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó òfin ilé kíkọ́ lágbègbè yín.

Lẹ́yìn iná, ọmọdé. Kò sí ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ tí màá kàn tí kò ní ṣí láti inú bí a bá ti fọwọ́ tì í síwájú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìlo kọ́kọ́rọ́, nínú òkùnkùn. Mo máa ń dán an wò fúnra mi: màá wọlé, màá ní kí wọ́n tì í, màá di ojú mi, màá wá fọwọ́ wá a. Bí mo bá pẹ́ níbẹ̀, iṣẹ́ ò tíì parí. Ẹ fi ohun tó ń tàn nínú òkùnkùn sàmì sí ibi tí a ti ń ṣí i láti inú. Kí ẹ sì ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ hínjì pẹpẹ ìwé, nítorí ìka ọmọdé tó bá wà níbẹ̀ nígbà tí kílò 160 ń pa dé, ẹ kò fẹ́ rí i. Pẹpẹ náà gbọ́dọ̀ lè dúró lórí pívọ́ọ̀tì rẹ̀ láìṣubú bí ọmọ bá gùn ún.

Ṣé mo lè ṣe é fúnra mi?

Bí ẹ bá ti gbé ilẹ̀kùn lásán kọ́ rí, tó sì ń pa dáadáa, ẹ lè ṣe èyí tó wà nínú wọ́dúróòbù tàbí ti dígí. Ti pẹpẹ ìwé, ẹ kọ́kọ́ ṣe kékeré kan. Ti ògiri pẹlẹbẹ tí kò ní pátákó, ẹ pè wá.

Ó ń pa dáadáa tẹ́lẹ̀, ó ti ń ha báyìí.

Ẹ má tíì gbé ayùn. Ẹ kọ́kọ́ yí sikúrù hínjì òkè kó le; ibẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́. Bí sikúrù bá ń yí lásán tí kò mú, ihò ti fẹ̀: ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi èyí tó gùn jù ú lọ sípò rẹ̀, tó máa dé inú igi tó wà lẹ́yìn férémù. Bó bá jẹ́ pé àsìkò ọ̀rinrin nìkan ló ń ha, ẹ dúró kó gbẹ kí ẹ tó fá nǹkan kan, nítorí igi tí ẹ fá nígbà tó wú kò ní padà nígbà tó bá súnkì.

Ta ló yẹ kó mọ̀ pé ó wà?

Gbogbo ẹni tó ń sùn nínú ilé, tàgbà tọmọdé, kí wọ́n sì ti ṣí i láti inú lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé, ibi tí hínjì wà àti ibi tí ìkọ́ wà, kí ẹ fi í sínú àwọn ìwé ilé. Ilé kan wà tí wọ́n pè mí sí tí ẹni tó kọ́ ọ ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀ pé yàrá kan wà lẹ́yìn pátákó, wọn ò mọ ibi tí à ń tẹ̀. Odindi òwúrọ̀ ni mo fi tẹ ògiri yẹn, láti igun dé igun, kí n tó gbọ́ tó dún "kẹ́".